Lífà Máṣíìnì Tó Tẹ̀: Èyí Tó Ṣeé Nà, Èyí Tó Yẹ Ká Jù Nù, àti Bí A Ṣe Ń Nà Án

Àpáta ló wà lábẹ́ Abẹ́òkúta. Ẹ kúrò lórí ọ̀dà ní Àdàtán tàbí Ọbàntókò, ẹ yà sí àdúgbò inú, ẹ ó bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ amọ̀ pupa tí òjò ti fọ̀ títí orí òkúta fi yọ síta. Táyà iwájú á yọ̀, máṣíìnì á dùbúlẹ̀, ẹnu lífà, ìyẹn ọ̀pá tí ìka ń fà lórí hándù fún bíréèkì tàbí kílọ́ọ̀ṣì, ni yóò sì kọ́kọ́ kan ilẹ̀, nítorí òun ló yọ sóde jù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun dirt bike, máṣíìnì gíga onítáyà eléyín yẹn, ní ọ̀nà oko ìhà Ọ̀dẹ̀dá àti Alábàtà, àti fún ọlọ́kadà tó fi Bajaj gbé ẹrù láti oko wá sí ọjà Làfẹ́ńwá. Máṣíìnì wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe lífà wọn, bó sì ṣe ń bàjẹ́ kò yàtọ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn ìṣubú náà. Wọ́n á gbé máṣíìnì dìde, wọ́n á ki páìpù bọ lífà tó tẹ̀, wọ́n á sì fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè kán lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ṣì sàn. Èyí tó burú ni pé kó má kán, kó kàn sán nínú, kó wá dúró títí di ọjọ́ tí ọmọ kékeré bá sáré kọjá níwájú yín, tí ẹ sì fi gbogbo agbára fa bíréèkì. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gun máṣíìnì mọ lífà tó ṣeé nà yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣeé nà, kó sì mọ bí a ṣe ń nà án láì pa á lára.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá lífà gan-an ló tẹ̀

Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé lífà ló yí. Ilé lífà ni mo ń pe irin tó di hándù mú, tí lífà wà nínú rẹ̀. Bí máṣíìnì bá ṣubú, ilé yìí lè yí lórí hándù, lífà á wá kọjú sókè tàbí sílẹ̀, ojú á sì rò pé ó ti tẹ̀. Ẹ dúró síwájú máṣíìnì, ẹ fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Bó bá jẹ́ ilé ló yí, ẹ dẹ bóòtù rẹ̀ díẹ̀, ẹ yí i padà sáyè rẹ̀, ẹ fún un. Ó parí nìyẹn.

Ẹ wo táyà iwájú pẹ̀lú. Bí ẹ bá di hándù mú tààrà tí táyà sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, fọ́ọ̀kì iwájú ló lọ́ nínú ohun tó dì í mú. Ẹ dẹ àwọn bóòtù tó di fọ́ọ̀kì náà, ẹ fi orúnkún méjèèjì há táyà mọ́ra, ẹ yí hándù títí tí yóò fi dọ́gba, kí ẹ tó tún fún bóòtù padà. Lífà kò jẹ̀bi nínú ìyẹn.

Alumíníọ̀mù kì í ṣe bíi irin

Irin lásán kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe lífà ọwọ́. Alumíníọ̀mù ni, oríṣi méjì ló sì wà. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì dà sínú àwòṣe. Ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín kan tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá níbi tí àwòṣe méjèèjì ti pàdé, bó bá sì ti kán rí, ojú ibi tó kán máa ń ní hóró wínníwínní tó ń dán. Ọ̀pọ̀ lífà olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ irú èyí. Èkejì ni èyí tí wọ́n rọ, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ra nígbà tó gbóná. Ìlà ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ máa ń fẹ̀, nítorí wọ́n gé èyí tó ṣẹ́kù kúrò lára rẹ̀, ara rẹ̀ sì máa ń jọ̀lọ̀. Èyí tí wọ́n rọ ló máa ń bá dirt bike tó dára wá. Ó máa ń tẹ̀ kó tó kán. Èyí tí wọ́n dà lè kán láìtẹ̀ rárá.

Nígbà tí alumíníọ̀mù bá tẹ̀ ní tútù, ojú ibi tó tẹ̀ náà máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá wá fẹ́ dá a padà ní tútù, ojú ibẹ̀ kò ní fẹ́ tẹ̀ mọ́, sísán ló máa fẹ́ sán. Ìdí nìyí tí a fi nílò iná. Iná máa ń dẹ ojú ibi tó ti le náà padà, yóò sì jẹ́ kó gbà fúnni. Àmọ́ ìgbàlà yìí ní owó orí: lífà tó ti rí iná á rọ̀ ju bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun lọ, bó bá tún ṣubú, yóò tètè tẹ̀. Fún kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí à ń fà láti pààrọ̀ jíà, mo lè fara mọ́ ọn. Fún bíréèkì, n kò lè fara mọ́ ọn.

Èwo la ń nà, èwo la ń jù nù?

Lífà bíréèkì tó tẹ̀ gidi, ẹ jù ú nù. Mo mọ̀ pé ó dun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó máṣíìnì fún olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n lífà wà lára àwọn pátì tí owó wọn kéré jù lára máṣíìnì. Bí ẹ bá fa bíréèkì, ìwúwo máṣíìnì àti ti yín á sáré bọ́ síwájú, táyà iwájú ló sì máa ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró náà. Gbogbo agbára ìka yín á gba ara lífà tín-ín-rín yẹn kọjá. Bó bá jẹ́ pé orí rogodo tó wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan ló yà díẹ̀, tí ìka yín ṣì ń dé ibẹ̀ dáadáa, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Lífà kílọ́ọ̀ṣì ni a lè nà, ìyẹn náà sì dá lórí ibi tó ti tẹ̀. Bó bá tẹ̀ láti ààrin lọ sí ẹnu, ó ṣeé nà. Bó bá tẹ̀ nítòsí ìdí, níbi tí ihò bóòtù wà àti ibi tí kébù ti wọ inú rẹ̀, ẹ jù ú nù, nítorí ihò náà lè ti fẹ̀ láìhàn sójú, ibẹ̀ ló sì ń gba agbára jù. Èyí tó bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jù ú nù. Èyí tó sán níbikíbi, bó ti wù kó kéré tó, ẹ jù ú nù.

Wọ́n á bi mí pé, ṣé wẹ́dà kò lè jó o pọ̀ ni? Ẹ̀rọ iná mànàmáná tí wọ́n fi ń jó géètì àti irin fèrèsé kò lè mú alumíníọ̀mù dáadáa. Ẹni tó ní ẹ̀rọ àkànṣe tó ń lo gáàsì argon lè jó o. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹ̀ á ju owó lífà tuntun lọ, ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tó jó náà á sì tún rọ̀. N kò rí èrè níbẹ̀.

Bí a ṣe ń wá ibi tó sán

Ojú lásán kì í rí gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ kan wà tí kò ná wa ju kẹrosíìnì díẹ̀ àti ẹfun lọ. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ lífà náà títí gbogbo gírísì àti ẹrẹ̀ á fi kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ rì í sínú kẹrosíìnì fún nǹkan bí wákàtí kan. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi àkísà tó mọ́ nù ún gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì ilé-ìwé títí yóò fi kúnná dáadáa, kí ẹ fọ́n ọn sí ojú ibi tó tẹ̀ àti yí ihò bóòtù ká. Ẹ fi sílẹ̀ ní ibòji fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Bó bá sán, kẹrosíìnì tó ti wọ inú ibi tó sán náà á yọ padà síta, yóò sì fa ìlà dúdú kan sára ẹfun funfun yẹn. Ìlà náà lè tín-ín-rín bó ti wù ó, ẹ ó rí i. Bí ìlà bá yọ, iṣẹ́ ti tán lórí lífà náà. Ẹ fi òòlù fọ́ ọ sí méjì kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lọ lò.

Bí kò bá sí ìlà, ẹ tẹ̀síwájú.

Yíyọ lífà kílọ́ọ̀ṣì

Ẹ wá sípánà 10, síkúrùdíráfà fífẹ̀ àti abọ́ kékeré kan fún àwọn bóòtù. Àwọn bóòtù yìí kéré, ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ sì máa ń gbé wọn mì.

Ẹ ti rọ́bà tó bo adijọ́sítà kébù sẹ́yìn, ẹ dẹ nọ́ọ̀tù rẹ̀, kí ẹ yí adijọ́sítà wọlé títí kébù á fi rọ̀. Ẹ máa rí i pé adijọ́sítà, nọ́ọ̀tù rẹ̀ àti ilé lífà ní ojú tí wọ́n gé sí ara wọn. Ẹ yí wọn títí gbogbo ojú náà á fi wà lórí ìlà kan, ẹ fa kébù jáde láti ibẹ̀. Orí kébù, ìyẹn òjé kékeré rogodo tó wà ní òpin rẹ̀, á wá yọ kúrò nínú lífà.

Nọ́ọ̀tù bóòtù ìdí lífà wà nísàlẹ̀. Ẹ tú u pẹ̀lú sípánà, ẹ wá fi síkúrùdíráfà tú bóòtù láti òkè. Àwọn lífà kan ní òrùka irin kékeré nínú ihò ìdí wọn, àwọn mìíràn ní sípíríǹgì tàbí súìṣì kékeré nítòsí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú u. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa báyìí, kò sí ìdí láti máa ro ibi tí wáṣà wà nígbà tí a bá ń dà á padà.

Iná

Ẹ má ṣe fi iná sí lífà nígbà tó ṣì wà lára máṣíìnì, láéláé. Pẹtiróòlù wà nítòsí, súìṣì rọ́bà wà nítòsí, kébù tó ní ike nínú wà nítòsí. Àní bí wọ́n bá sọ fún yín pé iná kékeré ni, ẹ kọ̀.

Bí ẹ kò bá ní iná gáàsì nílé, ẹ gbé lífà náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí ọ̀gá tó ń fi gáàsì jó irin. Ní Abẹ́òkúta, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ọ̀kan. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì sọ fún wọn tẹ̀lé e pé, "Bàbá, alumíníọ̀mù ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè é kó pọ́n." Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí irin ń wo àwọ̀: irin á pọ́n, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á sì funfun kó tó yọ́ ní nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n fún ẹnikẹ́ni. Funfun bó ṣe wà ní tútù ló ṣe máa wà títí dé ojú ibi tó ti ń yọ́. Ní 660 ni alumíníọ̀mù tí kò ní àdàlù ń yọ́, èyí tí wọ́n fi ṣe lífà ní àdàlù nínú, yóò sì yọ́ kó tó dé ibẹ̀. Kí á tó ṣẹ́jú, á ti wó sórí ilẹ̀.

Nítorí pé àwọ̀ kò ràn wá lọ́wọ́, ọṣẹ ni a máa lò. Ẹ mú ọṣẹ ìfọṣọ olódidi, ẹ fi gbígbẹ rẹ̀ pa ojú ibi tó tẹ̀ náà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ fi àkísà tútù wé ìdí lífà kí iná má baà dé ibi ihò. Ẹ wá máa gbé iná lọ, kí ẹ máa gbé e bọ̀, ẹ má jẹ́ kó dúró sójú kan. Ọṣẹ á kọ́kọ́ gbẹ, á wá yí padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ti ní àwọ̀ àmàlà iṣu, ẹ mú iná kúrò. Ní nǹkan bí 350 sí 400 ni ìyẹn ń ṣẹlẹ̀, ó sì tó fún wa. Bí ọṣẹ bá ti dúdú kirikiri, ẹ ti kọjá àyè. Ẹni tí kò bá ní ọṣẹ lè fi ojú igi gbígbẹ tín-ín-rín fa ìlà lórí rẹ̀. Bí igi bá fi ìlà dúdú sílẹ̀ níbi tó kọjá, iná ti tó.

N kì í dámọ̀ràn ẹ̀yinná èédú fún iṣẹ́ yìí. Ó máa ń gbóná jù níbì kan, kò sì ní gbóná tó níbòmíràn, ẹ kò sì ní rí ọṣẹ yín nínú rẹ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ. Alumíníọ̀mù tó gbóná tó láti sun ọwọ́ àti èyí tó ti tutù rí bákan náà lójú, ẹlòmíràn á sì nawọ́ mú un pẹ̀lú ìgboyà.

Nínà

Kí iná tó dé ni kí ẹ ti ní àwòrán ohun tí ẹ ń lépa. Ẹ yá lífà tó dára irú tiyín lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ gbé e lé páálí, ẹ fi bírò yí i ká. Ìyẹn ni ẹ ó máa gbé tiyín lé. Kì í tọ́ gbọnrangandan: ó ní ìwọ̀n tó fi ń ká sí ọwọ́. Bí ẹ bá nà án tọ́ jù, ìka kò ní dé ẹnu rẹ̀ mọ́.

Fáìsì, irin ẹlẹ́nu méjì tó ń há nǹkan mọ́ra, tí a dè mọ́ tábìlì ló dára jù. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kí eyín rẹ̀ má baà họ lífà, nítorí ibi tó bá họ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn nìyí: ẹ gbé ẹ̀yà igi kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan lífà, ọ̀kan sí apá ọ̀tún ibi tó tẹ̀, ọ̀kan sí apá òsì. Ẹ gbé igi kẹta sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó dojú kọ góńgó ibi tó yọ gan-an. Ẹ wá máa yí ọwọ́ fáìsì díẹ̀díẹ̀. Fáìsì á fi igi kẹta ti lífà wọ àárín àwọn méjì tó kù, agbára náà á sì bọ́ sí ibi tí ẹ fẹ́ kó bọ́ sí nìkan. Páìpù kò lè ṣe èyí fún yín. Ibi tó bá tín-ín-rín jù ni páìpù máa ń tẹ̀, ìyẹn kì í sì í sábà jẹ́ ibi tí a ń wá.

Ẹ yí i díẹ̀, ẹ tú u, ẹ gbé e lé páálí. Ẹ tún padà. Ẹ kán omi kan sí i lórí: bí omi náà kò bá hó mọ́, iná ti tán nínú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ pa ọṣẹ kí ẹ sì tún dá a gbóná kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ibí yìí ni sùúrù ti máa ń tán lára èèyàn. Ó ti fẹ́ẹ̀ tọ́, ó kù díẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ṣáà fi òòlù gbá a wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òòlù irin kò ní iṣẹ́ kankan lórí lífà.

Bó bá kù díẹ̀ kó rí bíi ti páálí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lífà kílọ́ọ̀ṣì tó yà díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pípé. Dídá èyí tó kù padà ló sábà máa ń kán an.

Ẹ gbé e sórí igi kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i. Bó bá ti tutù, ẹ tún ṣe ti kẹrosíìnì àti ẹfun lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ó lè sán nígbà tí ẹ ń nà án. Ibi tó bá họ tàbí tó ní etí mímú, ẹ fi fáìlì kékeré àti sáńpépà rà á títí yóò fi jọ̀lọ̀.

Ọ̀rọ̀ orí rogodo ẹnu lífà: ẹ má gbójú fò ó. Wọn kò ṣe é fún ẹwà. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹnu lífà gún èèyàn nígbà ìṣubú. Bó bá ti kán tí ara tó ṣẹ́kù sì ṣì gùn tó fún ìka mẹ́ta, ẹ lè fi fáìlì yí ẹnu kílọ́ọ̀ṣì náà po kó rí róbótó, kí ẹ lò ó dé ilé tàbí títí tí ẹ ó fi ra òmíràn. Ẹnu ṣóńṣó kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, kódà fún ìrìn kékeré láti Kútọ̀ sí Pánṣẹ́kẹ́.

Dídá a padà

Ẹ nu gírísì àtijọ́ àti iyanrìn kúrò nínú ilé lífà. Ẹ fi gírísì tuntun sí bóòtù ìdí àti sí ibi tí orí kébù ti ń yí. Ẹ wo kébù náà fúnra rẹ̀: bí òwú irin rẹ̀ kan bá ti já nítòsí orí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí.

Ẹ fi síkúrùdíráfà fún bóòtù ìdí títí ẹ ó fi rí i pé lífà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo láti rìn, kí ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó lè máa lọ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ẹ di bóòtù mú bẹ́ẹ̀, ẹ wá fún nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fún bóòtù jù, lífà kò ní padà sáyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì jóná láìpẹ́.

Ẹ dá kébù padà, kí ẹ wá yí adijọ́sítà síta títí tí ẹnu lífà á fi ní àyè bíi mílímítà 10 sí 20 tó máa rìn lásán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa kébù. Ìwọ̀n yìí bá ọ̀pọ̀ máṣíìnì mu, bí ìwé tiyín bá sọ òmíràn, tìwé ni kí ẹ ṣe. Ẹ tan máṣíìnì, ẹ yí hándù lọ sí ọ̀tún pátápátá àti sí òsì pátápátá. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà tàbí tí lífà bá ń fà fúnra rẹ̀, kébù kan há síbì kan.

Fún ẹni tó ra lífà bíréèkì tuntun sí bíréèkì dísìkì, ẹ kò nílò láti tú ilé òróró bíréèkì rárá, bóòtù ìdí nìkan ni ẹ ó tú. Ẹ rí i dájú pé lífà tuntun náà padà dé òpin. Ní inú ilé òróró yẹn, ihò kékeré kan wà tí òróró ń gbà padà sókè nígbà tí a bá jọ̀wọ́ lífà. Bí lífà kò bá padà tán, ihò náà á wà ní dídí, bí bíréèkì bá sì ti gbóná, òróró á wú, bíréèkì á wá di táyà mú fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Ó gbọ́dọ̀ yí gẹ̀rẹ̀. Fún bíréèkì oníkébù, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkadà wa, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ bíi ti kílọ́ọ̀ṣì, lífà kò sì gbọdọ̀ kan rọ́bà ìdìmú nígbà tí ẹ bá fà á dópin. Ẹ wo iná ẹ̀yìn bóyá ó ń tàn nígbà tí ẹ fa lífà.

Kó má baà tún tẹ̀

Mo gbà pé ọ̀pọ̀ lífà tó tẹ̀ ní ìlú yìí ni kì bá tí tẹ̀ ká ní wọn kò fún ilé wọn le jù. Àwọn ọ̀gá wa máa ń fún bóòtù ilé lífà títí sípánà á fi ké, wọ́n rò pé iṣẹ́ dáadáa nìyẹn. Ilé tó le gbọingbọin kò ní yí bó bá ṣubú, lífà ló máa gba gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń gun dirt bike ti mọ èyí tipẹ́: ẹ fún ilé lífà ní ìwọ̀n tí kò ní máa mì lábẹ́ ìka yín, àmọ́ tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá lífà lágbára láti òkè, kó lè yí.

Kó lè yí dáadáa, ẹ ra tépù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń wé mọ́ ẹnu páìpù omi. Ẹ wé e ní ìpele mélòó kan mọ́ ara hándù níbi tí ilé lífà máa jókòó sí, kí ẹ tó fún bóòtù. Ilé náà á dúró sójú kan nígbà tí ẹ bá ń gun máṣíìnì, yóò sì yọ̀ lórí tépù náà nígbà ìṣubú. Owó tépù náà kò tó nǹkan. Lórí ilé òróró bíréèkì, ẹ wo irin ìdè rẹ̀: àwọn kan ní àmì ọfà tàbí UP lára, èyí tó gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Ẹ kọ́kọ́ fún bóòtù òkè dópin, kí ẹ tó fún ti ìsàlẹ̀.

Ibi tí lífà jókòó sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó, ẹ na apá àti ìka yín láìfi agbára sí i. Lífà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìka yín láìjẹ́ pé ọrùn ọwọ́ ká. Ẹ sì ti ilé náà wọ inú díẹ̀ kúrò nídìí rọ́bà ìdìmú, kí ẹnu lífà má yọ kọjá òpin hándù. Ohun tí kò bá yọ síta, ilẹ̀ kò ní tètè kàn án.

Ti ẹsẹ̀: jíà àti bíréèkì ẹ̀yìn

Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì, irin gidi ni àwọn wọ̀nyí, wọ́n sì ń gbà fúnni. Ìṣòro wọn ni ibi tí wọ́n so mọ́. Ẹ má ṣe fi òòlù lu ẹsẹ̀ jíà nígbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì, nítorí ọ̀pá tó wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ máa tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, òróró á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò níbẹ̀. Ẹ fi síkúrùdíráfà fa àmì sí ara ẹsẹ̀ jíà àti ọ̀pá rẹ̀ kí ẹ lè dá a padà sójú ibi tó wà. Ẹ yọ bóòtù rẹ̀ jáde pátápátá. Dídẹ̀ ẹ́ nìkan kò tó, nítorí bóòtù náà gba inú ojú kan lára ọ̀pá kọjá, kò sì ní jẹ́ kó yọ. Ẹ fà á jáde, ẹ gbé e há fáìsì, kí ẹ nà án. Bó bá nípọn, tó sì jẹ́ irin gidi, alágbẹ̀dẹ lè dá a gbóná kó pọ́n, ẹsẹ̀ jíà onírin kò kọ ìyẹn. Kó tutù fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá dá a padà tí òróró sì ń yọ ní ìdí ọ̀pá, rọ́bà òróró ibẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí ọ̀pá ti tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó kó tó di pé ẹ́ńjìnnì gbẹ.

Ẹsẹ̀ bíréèkì ẹ̀yìn ṣeé nà bákan náà, àmọ́ ẹ tún àyè rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà ní nọ́ọ̀tù tó wà nítòsí táyà ẹ̀yìn. Mílímítà 20 sí 30 ni ẹsẹ̀ sábà máa ń rìn kó tó di táyà mú lára bíréèkì dírọ́ọ̀mù.

Kí ẹ tó gbé èrò

Ẹ fi ẹsẹ̀ ti máṣíìnì lọ láìtan án, kí ẹ fa bíréèkì iwájú, lẹ́yìn náà ti ẹ̀yìn. Ẹ wá gun un lórí ilẹ̀ títẹ́jú níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀, lórí jíà kìíní àti kejì, kí ẹ dúró nígbà mélòó kan. Ẹ má kọ́kọ́ gbé e sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkú tàbí Sápọ́n. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún fi sípánà kan gbogbo bóòtù tí ẹ tú, kí ẹ tún wọn àyè kílọ́ọ̀ṣì, nítorí kébù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà máa ń jókòó sí i díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́.